Ìbọn Tó Ń Kọ Ọta Tirẹ̀: Ẹni Tó Rọ Ọ́ Ló Yẹ Kó Tún Un Ṣe

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, alágbẹ̀dẹ kan wà tó ń lu irin, tó ń ta irin, tó ń gba owó irin, tí kì í sì í fẹ́ dáhùn nígbà tí irin náà bá kọṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rọ ìbọn ìléwọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ẹjọ́ náà kò ṣòro láti rò. Ẹnì kan ra ìbọn ìléwọ́ tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, kó lè fi ṣọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un mú ọta tí wọ́n ń pè ní hollow point lé e lọ́wọ́, èyí tí orí rẹ̀ ní ihò bí ẹnu ife, ó ní òun ni ọta ààbò. Oníbàárà gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn. Ó kọ́kọ́ fi ọta olórí róbótó tí owó rẹ̀ kò pọ̀ dán an wò. Ìbọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá ki ọta olórí-ihò sí i. Kò tíì yìn ju méjì tàbí mẹ́ta lọ tí ìbọn fi dúró gbagidi. Ọta ti há sáàárín ọ̀nà, kò lè wọlé, kò sì lè jáde.

Nígbà tí ó bá padà sí ìsọ̀ lọ fẹjọ́ sùn, ìdáhùn méjì ló sábà máa ń pàdé. Èkíní: “Ìbọn tuntun ni, ẹ ṣáà máa yìn ín, ara rẹ̀ yóò rọ̀.” Èkejì: “Ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn, kó fi fáìlì bá yín dán ọ̀nà ọta.” Ìdáhùn méjèèjì gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tó rọ ìbọn, wọ́n sì gbé e ka orí ẹni tó rà á. Ìdáhùn méjèèjì ló yẹ kí a kọ̀.

Bí ọta ṣe ń há

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn náà. Nígbà tí ọta kan bá jáde, agbára ẹ̀tù á ti irin òkè ìbọn sẹ́yìn, ìkarahun idẹ tó ti ṣófo á fò jáde, sípíríǹgì á sì ti irin náà padà síwájú. Bí irin náà ṣe ń padà ni yóò gbá ọta tó wà lókè pátápátá nínú magasíìnì, tí yóò sì tì í síwájú. Orí ọta náà á kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ irin kékeré kan tó wà nídìí ọ̀pá ìbọn, á gùn ún, á sì yọ̀ wọ inú ìyẹ̀wù tí wọ́n ti ń yìn ín. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ọta olórí róbótó kì í rí ìdíwọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, nítorí kò sí ibi tí ó lè fi kọ́ nǹkan. Ọta olórí-ihò kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ́, ó fẹ̀, ihò rẹ̀ sì ní etí tó lè kọ́ irin. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bá ga jù, tàbí bí ojú rẹ̀ kò bá dán, tàbí bí magasíìnì kò bá gbé orí ọta sókè tó, etí ihò náà á kan irin, á sì dúró síbẹ̀. Sípíríǹgì ń tì í, irin kò yà fún un. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kí ìbọn kọ ọta.

Èyí kì í ṣe àṣírí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń dán ìbọn ìléwọ́ tí John Browning ṣe wò ní 1911, wọ́n yin ọta 6,000 nínú ìbọn kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó kọ ẹyọ kan. Olórí róbótó ni ọta wọ̀nyẹn, irúfẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìbọn náà. Nígbà tó yá, tí àwọn ọlọ́pàá àti ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọta olórí-ihò sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ń há. Àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn sì rí iṣẹ́ tuntun: wọ́n ń fi fáìlì àti ẹ̀rọ ìdánrin tún ọ̀nà ọta ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ìgbà yẹn, àwíjàre wà. Ìbọn ti wà láyé kí irú ọta bẹ́ẹ̀ tó gbilẹ̀. Èwo ni àwíjàre ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàwòrán rẹ̀ lọ́dún yìí? Ọta olórí-ihò ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yàwòrán ìbọn lọ. Kò sí ẹni tó ń rọ ìbọn ààbò lónìí tí kò mọ ọta tí ẹni tó rà á yóò ki sínú rẹ̀. Àwòrán ọta náà wà nínú ìpolówó wọn. Bí ìbọn bá wá kọ ọta tí wọ́n torí rẹ̀ tà á, àbùkù ọjà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ìwà ìbọn tuntun.

Ẹ̀rí tún wà pé ó ṣeé ṣe. Ní 2017, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yan ìbọn tuntun láti ọwọ́ SIG Sauer, èyí tí wọ́n sọ ní M17 àti M18, wọ́n sì fi ọta olórí-ihò kún ọta tí wọn yóò máa lò. Ìjábọ̀ ọ́fíìsì tó ń yẹ ohun ìjà wò fún ilé iṣẹ́ ètò ààbò orílẹ̀-èdè náà fi hàn pé nínú àyẹ̀wò ọdún yẹn, ọta olórí róbótó ló há jù nínú ìbọn náà, kì í ṣe ọta olórí-ihò. Ẹni tó bá ti ọta olórí-ihò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè rọ ìbọn tí yóò gbà á. Ohun tó ń dínà kò ju pé kò sí ẹni tó fi dandan mú àwọn yòókù.

Ṣé ọta ìkà ni?

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìbọn náà ṣáà máa kọ ọta burúkú bẹ́ẹ̀, ó tún dára. Wọ́n á rántí pé ní 1899, nílùú Hague, àwọn ìjọba fẹnu kò pé kí wọ́n má lo ọta tó ń fẹ̀ nínú ara èèyàn lójú ogun mọ́, lẹ́yìn ariwo lórí ọta tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ní Dum Dum, lẹ́bàá Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà. Òótọ́ ni. Òfin ogun ni ìyẹn, ó sì ní ìdí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ilé àti òpópónà kì í ṣe pápá ogun. Ọta olórí róbótó sábà máa ń gba ara ẹnì kan kọjá, kó sì lọ bá ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ògiri ilé Amẹ́ríkà pọ̀ tó jẹ́ pákó àti páálí lásán; ọmọ tó sùn ní yàrá kejì wà nínú ewu. Nítorí irú ewu yìí ni àwọn ọlọ́pàá New York ṣe kéde ní 1998 pé àwọn ń fi ọta olórí róbótó sílẹ̀, àwọn yóò máa lo olórí-ihò, nítorí pé orí rẹ̀ máa ń fẹ̀, kì í sì í sáré jáde lódì kejì.

Ọta náà kì í ṣe idán o. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI kojú àwọn adigunjalè báńkì méjì ní Miami. Ọta olórí-ihò kan ba ọ̀kan nínú àwọn ọ̀daràn náà níbẹ̀rẹ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ó dúró kó tó dé ọkàn rẹ̀. Ọkùnrin náà ń yìnbọn lọ. Kí ó tó parí, òṣìṣẹ́ FBI méjì ti kú, márùn-ún sì farapa. Láti inú ẹ̀kọ́ náà ni FBI ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ pé ọta gbọ́dọ̀ wọlé tó ínǹṣì 12, kó má sì ju 18 lọ, nínú ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò. Àwọn tó ń ṣe ọta gba òṣùwọ̀n náà, wọ́n sì tún ọta ṣe. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni èyí: bí ẹni tó ń ṣe ọta bá lè gba òṣùwọ̀n, kí ló dé tí ẹni tó ń rọ ìbọn tí ará ìlú ń rà kò ní òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ kankan tí wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́?

Ewu fáìlì

Ìmọ̀ràn tó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí olówó ìbọn mú fáìlì. Ó dà bí ohun kékeré: ẹ ha á díẹ̀, ẹ dán an díẹ̀, ọta á máa yọ̀ wọlé. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kì í ṣe ọ̀nà lásán. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn, orí rẹ̀ jẹ́ ara ògiri tó gbé ìdí ìkarahun idẹ dúró nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná. Agbára tó wà nínú ìyẹ̀wù ọta 9mm lákòókò náà lè tó 35,000 psi. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju nǹkan bí 35 psi lọ. Ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ni. Bí fáìlì bá gé ògiri yẹn ju bó ti yẹ lọ, idẹ lásán ló kù láti dá agbára yìí dúró, idẹ kò sì lè dá a dúró. Ìkarahun á bẹ́, magasíìnì á fò bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ tó di ìbọn mú ni yóò jẹ gbèsè.

Bí kò bá tilẹ̀ bẹ́, ìpalára mìíràn wà. Àwọn ìbọn kan wà tí irin fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ṣe ara wọn, tí wọ́n sì fi awọ líle tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Fáìlì á ká awọ náà kúrò, irin rírọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà náà yóò fi burú ju ti àtijọ́ lọ. Bí igun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá sì ti yí padà, kò sí ẹni tó lè dá irin tó ti lọ padà. Lórí gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà pé bí oníbàárà bá ti fọwọ́ kan irin inú ìbọn, àdéhùn àtúnṣe ti bàjẹ́. Ẹ wo ọgbọ́n náà: ìsọ̀ ní kí ẹ lọ ha á, ilé iṣẹ́ ní bí ẹ bá ha á, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àìsàn náà kò sí nínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rárá. Ètè magasíìnì lè ti tẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ lè ti rẹ̀. Ìbọn lè gbẹ, kó má ní òróró. Irú ọta kan lè kúrú jù fún ìbọn náà, nígbà tí irú mìíràn, tí orí rẹ̀ túbọ̀ ròbótó tàbí tí wọ́n fi rọ́bà dí ihò rẹ̀, yóò wọlé láìsí wàhálà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ ṣeé gbára lé, kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́, kó pààrọ̀ magasíìnì, kó dán irú ọta mìíràn wò. Bí ó bá ṣì ń há, kó dá a padà fún ẹni tó rọ ọ́. Ìdì èyí kò ní fáìlì nínú.

“Ara rẹ̀ yóò rọ̀”

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ńkọ́, pé kí wọ́n máa yìn ín títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀? Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé ìbọn àwọn títí yóò fi yin ọta 200. Ẹni tó gbọ́ lè rò pé ìmọ̀ràn rere ni. Ọta olórí-ihò kan sábà máa ń gbowó tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ọta ìdánrawò. Ẹni tó bá yin 200 nínú rẹ̀ kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, ó ti fi owó ara rẹ̀ parí iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ fi sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàárín kí èèyàn dán ìbọn wò kó lè fọkàn balẹ̀, àti kí èèyàn máa bá alágbẹ̀dẹ parí iṣẹ́ rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ojúṣe gbogbo ẹni tó ní ìbọn ni. Ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ìbọn tí kò tíì dán wò wọ igbó. Ṣùgbọ́n ọdẹ yìí kan náà, bí ìbọn tó ra bá kọ̀, ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ ló ń gbà lọ, kì í lọ máa gbẹ́ ẹ nílé ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó bá ní “ara rẹ̀ yóò rọ̀” kò ní rí ọdẹ kejì ní ìsọ̀ rẹ̀.

Nígbà míì, ẹ̀bi náà tún ń padà sí ọwọ́ oníbàárà gan-an: “Ọwọ́ yín ló rọ̀, ẹ kò di ìbọn mú dáadáa.” Lóòótọ́, ọwọ́ tó rọ̀ lè mú kí ìbọn há. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ kan náà bá yin ọgọ́rùn-ún ọta olórí róbótó láìsí wàhálà, tí ìbọn wá há lórí olórí-ihò kẹta, ọwọ́ ha ti yí padà bí? Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹ̀ka ọlọ́pàá ńlá kì í ra ìbọn láìjẹ́ pé wọ́n ti yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta nínú rẹ̀, ọta tí wọn yóò gbé sí ìbàdí gan-an. Bí ó bá há jù, wọn kò rà á. Ilé iṣẹ́ á sáré tún un ṣe, nítorí owó ńlá wà níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tó ra ẹyọ kan ṣoṣo láti fi ṣọ́ ilé kò ní agbára yẹn. Ẹ̀mí tirẹ̀ náà sì kọ́, ẹ̀mí ni.

Òfin tó ya ìbọn sọ́tọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ oníṣòwò àti oníbàárà nìyí. Ní 1972, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń rí sí ààbò ọjà tí ará ìlú ń lò. Àjọ náà lè fipá mú ẹni tó ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, àdògán, tàbí àkàsọ̀ pé kó kó ọjà tó léwu kúrò lórí àtẹ. Ìbọn ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ní 1976, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ ọta.

Ohun tó tẹ̀lé e fẹ́ jọ ẹ̀fẹ̀. Ní 2001, àjọ yìí pe ilé iṣẹ́ Daisy lẹ́jọ́ nítorí ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, nítorí pé ọta kékeré inú rẹ̀ lè há sínú magasíìnì, kí ọmọ rò pé ó ti ṣófo. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ àṣẹ wọn. Ìbọn tòótọ́ tí ọta rẹ̀ ń há kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn. Àjọ tó lè bi ẹni tó ṣe ìbọn ìṣeré léèrè kò lè bi ẹni tó ṣe ìbọn gidi.

Ní oṣù kẹjọ 2017, nígbà tí ó hàn gbangba pé ìbọn P320 lè yìn fúnra rẹ̀ bí ó bá já bọ́ ní ọ̀nà kan, SIG Sauer kéde pé àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni “fún ẹni tó bá fẹ́”. Kò sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó lè sọ ọ́ di dandan. Bí ó bá rí báyìí fún ìbọn tó lè pa olówó rẹ̀, kí ni ẹni tí ìbọn rẹ̀ kàn ń kọ ọta yóò rí gbà?

Àwọn kan yóò ní ilé ẹjọ́ wà. Òótọ́ ni pé òfin 2005 tó dáàbò bo àwọn tó ń rọ ìbọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹjọ́ àbùkù ọjà pátápátá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba lọ́yà nítorí ìbọn kan tó há, nígbà tí owó lọ́yà ju owó ìbọn lọ? Ẹni tí ìbọn rẹ̀ sì há lọ́jọ́ tí olè wọlé lè má sí láyé láti pe ẹjọ́.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ta ìbọn fún ààbò kọ orúkọ àwọn ọta olórí-ihò tí wọ́n ti dán wò nínú rẹ̀ sí ara páálí rẹ̀, àti iye tí wọ́n yìn kí ẹyọ kan tó há. Ẹni tó bá sọ pé ọta pọ̀ jù láti dán gbogbo rẹ̀ wò, kó dán mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò, kó sì dárúkọ wọn. Bí ìbọn bá kọ ọta tí wọ́n dárúkọ, kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì sanwó gbígbé e lọ àti bọ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà sì pa àlàfo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 rẹ́. Èyí kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn jù ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo rẹ̀, nítorí àwọn ni ìbọn náà ń já kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá ju bí ó ti rò lọ. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ ará ìlú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó dé Texas, Georgia tàbí Maryland ń ra àkọ́kọ́ láyé wọn níbẹ̀, láìní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó lè tọ́ wọn sọ́nà. Ohun tí ẹni tó tà á bá sọ ni wọ́n ń gbàgbọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ èyí: ọta tí ẹ ó fi ṣọ́ ilé ni kí ẹ fi dán ìbọn wò, kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ má ṣe máa yọ ọta kan ṣoṣo kí ẹ tún máa ki í padà lójoojúmọ́, nítorí orí rẹ̀ lè rì wọ inú ìkarahun, agbára rẹ̀ á sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Ẹ kọ irú ọta tó há àti iye ìgbà tó há sílẹ̀. Bí ẹni tó tà á bá ní kí ẹ lọ mú fáìlì, ẹ dá ìbọn padà fún ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ pẹ̀lú ìwé náà.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ ọta tí ìbọn wọn yóò pàdé. Wọ́n mọ ibi tí yóò ti há, wọ́n sì ní irinṣẹ́ àti owó láti tún un ṣe kó tó kúrò nílé wọn. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n. Kí wọ́n má ṣe gbé e pọ̀n sẹ́yìn oníbàárà mọ́.